Ilẹ̀ Tó Ń Ké Lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀: Àkọsílẹ̀ Bí Dítẹ́kítọ̀ Wa Ṣe Rí Pílà Méjì

Ọjọ́ kìíní tí a gbé dítẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó máa ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀, débẹ̀, kò sí ibi tí kò ti ké. A gbé e sẹ́bàá ọ̀nà, ó ké. A gbé e sídìí igi máńgòrò, ó ké. Alájì ní kí n gbé e wá síbi tí òun dúró sí, ó tún ké, ni àwọn ọmọdé tó ti pé jọ bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Wúrà ló kún ìsàlẹ̀ yẹn!" Lágbègbè tiwa tí wọ́n ti ń wa wúrà níhà Iléṣà, ẹnikẹ́ni kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni méjì ti wá bi Alájì bóyá ó fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀.

A ò wá wúrà. Ilẹ̀ ẹbí Alájì ni, lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo, wọ́n sì fẹ́ mọ ògiri yí i ká. Pílà mẹ́rin, òpó kọnkéré kéékèèké tí wọ́n fi ń sàmì sí ààlà ilẹ̀, ló wà nínú ìwé sọ́fèé, ṣùgbọ́n méjì péré lojú rí. Nígbà tí gírédà tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe, ó da yangí bo méjì tó kù. Bọ̀dá awọnlẹ̀ fi tépù wọ̀n ọ́n láti ara àwọn méjì tó hàn, ó nawọ́, ó ní, "Ó wà láàárín ibí yìí sí ibẹ̀ yẹn." Ibí yìí sí ibẹ̀ yẹn fẹ̀ tó yàrá kan. Lébìrà ti gbẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, gbòǹgbò nìkan ni wọ́n rí. Ọ̀pá irin sì wà láàárín kọnkéré pílà wọ̀nyẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí Alájì rántí mi. Èmi ni mo máa ń bá a tún anpilifáyà rẹ̀ ṣe, ó sì ti rí dítẹ́kítọ̀ kan tí mo ń kàn lórí tábìlì mi.

"Ẹnjiníà, ṣé nǹkan tí ò ń ṣe yẹn lè rí irin tó wà nínú ilẹ̀?"

Mo ní, "Á rí i, sà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi san gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí mo ṣe kàn án nìyí. Kọ́ìlì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, róbótó ni méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà 20 ni ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì wé wáyà bàbà tí mo tú lára tirafọ́mà jíjó ní ìgbà 100 fún kálukú wọn. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbọ́. Kapásítọ̀ 56 nF ló mú kí èyí tó ń sọ̀rọ̀ máa kọrin ní nǹkan bíi 10 kHz, ìyẹn ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí èyí tó ń gbọ́ má ṣe gbọ́ ohun tí èkejì rẹ̀ ń sọ. Ohun tó bá ti ara nǹkan mìíràn wá nìkan ni kó gbọ́. Tí ẹ bá ń sún ọ̀kan gun orí èkejì díẹ̀díẹ̀, ibì kan wà tí agbára òòfà tó gba inú èyí tó ń gbọ́ lọ sókè àti èyí tó gba inú rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ á dọ́gba, tí wọ́n á pa ara wọn. Fún kọ́ìlì róbótó méjì tó bára mu, ibẹ̀ máa ń jẹ́ nígbà tí àárín ọ̀kan bá jìnnà sí àárín èkejì ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú wọn. Tèmi bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 15. Mo dè wọ́n mọ́ orí pláíwúùdù. Lórí tábìlì, sípánà 14 ń dún láti sẹ̀ǹtímítà 30. Mo ní iṣẹ́ ti bùṣe.

Ọgbọ́n kọ́ìlì méjì yìí ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1881 tí wọ́n yìnbọn fún James Garfield, ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell tó ṣe tẹlifóònù gbé irú ẹ̀rọ báyìí wá sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ láti wá ọta tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń dún níbi tí kò yẹ kó ti dún, wọn ò rí ọta ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀dì tí ọkùnrin náà sùn lé, sípíríìnì irin ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀, ilẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì tiwa.

Kí n tó ká ẹ̀rọ mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo dúró sójú kan. Mo gbé kọ́ìlì sókè dé ìbàdí, ó dákẹ́. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi ku ìka mẹ́ta kó kan ilẹ̀, ó ké. Sókè, kẹ́kẹ́ pa. Sísàlẹ̀, ariwo ta. Mo sún síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, bákan náà ló rí. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin máa ń lójú ibi tó wà: ẹ bá gba orí rẹ̀ kọjá, ó dún, ẹ kọjá rẹ̀ tán, ó dákẹ́. Ohun tó ń ké níbi gbogbo, tí igbe rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé bí ọwọ́ ṣe ń lọ sókè àti sísàlẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Mo yọ òòfà ìdí spíkà kan tó ti ya, mo fi ọ̀rá wé e, mo wọ́ ọ nínú yangí gbígbẹ. Ó hu irùngbọ̀n dúdú. Mo gbọ̀n ọ́n kúrò, mo wọ́ ọ nínú yanrìn odò tí bíríkìlà kan kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà, hóró bíi mélòó kan ló mú. Mo bu garawa méjì, yangí nínú ọ̀kan, yanrìn nínú èkejì, mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi wò mí títí. "Ọ̀gá, ṣé ilẹ̀ la wá ń tà báyìí?"

Àlàyé tí mo ṣe fún un nìyí. Yangí ni ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí òjò àti oòrùn bá ti fọ ohun tó rọrùn láti fọ̀ kúrò lára òkúta. Irin àti alumí (alumíníọ̀mù) ló pọ̀ jù nínú àjẹkù náà. Àwọ̀ pupa rẹ̀, irin tó dógùn-ún ni. Ṣùgbọ́n àwọn irin tó ń fún un láwọ̀, hematite àti goethite, ẹ̀rọ ò fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n sí. Magnetite àti maghemite díẹ̀ tó dàpọ̀ mọ́ wọn, irùngbọ̀n dúdú yẹn, àwọn ló ń da ìlú rú. Díẹ̀ náà sì tó. Irin kékeré tó wà nísàlẹ̀, tí jíjìn rẹ̀ sí kọ́ìlì bá di ìlọ́po méjì, ohùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí ọ̀nà 64. Ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ò jìnnà síbì kankan. Abẹ́ kọ́ìlì gan-an ló tẹ́ sí, ó sì lọ títí. Tó bá jẹ́ pé ẹni tóhùn rẹ̀ le jù la fẹ́ gbọ́, ilẹ̀ ni yóò máa borí lójoojúmọ́.

Ohun tó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí irin ni ìgbà tí ohùn rẹ̀ ń dé. Ẹ wò ó bí apohùn àti àwọn elégbè. Kọ́ìlì tó ń sọ̀rọ̀ ló ń dá orin. Magnetite kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tí iná lè gbà yí nínú rẹ̀, nítorí náà bí orin ṣe ń jáde lẹ́nu apohùn ló ń gbè é, kì í pẹ́ lẹ́yìn. Bàbà, idẹ, alumí, irin gbọọrọ: agbára òòfà kọ́ìlì á kọ́kọ́ dá iná tó ń yí po sílẹ̀ nínú ara wọn, iná yẹn ló sì ń fa ègbè wọn sẹ́yìn. Orin kan gùn tó ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá, ìdádúró irin ò sì ju ara rẹ̀ lọ. Etí èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n. Ìlẹ̀kùn iná lè mọ̀ ọ́n.

Ìlẹ̀kùn yẹn wà nínú ẹ̀rọ: IC kékeré kan (ègé dúdú tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọ̀nà iná sínú rẹ̀), CD4066, tó ń ṣí tó ń tì bí orin ṣe ń lọ. Ẹ lè yan ìgbà tí yóò ṣí. Ẹ bá yàn án títí ìdajì ègbè ilẹ̀ tó wọlé fi ń lọ sókè, tí ìdajì ń lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ á san gbèsè ara rẹ̀, òdo ni yóò ṣẹ́ kù. Irin tí ègbè rẹ̀ pẹ́ ò ní lè dọ́gba bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ á yọ. Ground balance ni orúkọ tó ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí. Ọmọ iṣẹ́ mi ní "pa ilẹ̀ lẹ́nu mọ́", mo fara mọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀rọ mi ò ní irú ẹ̀. Mo ti so ìlẹ̀kùn mọ́ ojú kan ṣoṣo, èyí tó mú kí sípánà dún dáadáa lórí tábìlì. Tábìlì ò ní yangí.

Mo wá nọ́ọ̀bù tó ń yí ní ìgbà mẹ́wàá kó tó dé òpin, mo fi í sídìí ìlẹ̀kùn. Mo tú rédíò àtijọ́ kan, mo yọ ọ̀pá dúdú tí wọ́n máa ń wé wáyà mọ́ nínú wọn. Ferrite ni ọ̀pá yẹn, ègbè rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, nítorí náà ó dára láti fi ṣe àwòkọ ilẹ̀. Mo ń jù ú síwájú sẹ́yìn níwájú kọ́ìlì, mo ń yí nọ́ọ̀bù, títí tí ẹ̀rọ ò fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ mọ́. Mo wá ń sọ kọ́ìlì sórí garawa yangí. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo yí nọ́ọ̀bù sí i bí ìdajì ìyípo kan, ó dákẹ́. Yangí tiwa ń pẹ́ ju ferrite lọ ní ìwọ̀nba, torí àwọn hóró rẹ̀ tó kéré jọjọ kì í tètè gbà láti yí padà bí agbára òòfà bá yí. Mo gbé sípánà sábẹ́ garawa, mo sọ kọ́ìlì kalẹ̀, ó ké. Ọmọ iṣẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Èmi náà yọ̀, n ò ní purọ́.

A padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ilẹ̀ dákẹ́ bí ẹni sùn. Ìṣó kan, ìdérí ìgò mélòó kan, irin bẹ́líìtì kan: gbogbo wọn dún, gbogbo wọn la sì gbẹ́. Nígbà tí oòrùn mú, igbe bẹ̀rẹ̀. Mo yí nọ́ọ̀bù, ó dákẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń yí i nìyẹn títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí, tí mo ń bú yangí. Alájì ti gbé àga sábẹ́ máńgòrò, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn sì burú ju kó sọ̀rọ̀ lọ. Bọ̀dá awọnlẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan nípa IC, ló là mí lójú. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o rí i pé ó ń ké nígbà tó o gbé e kọ́ èjìká náà?"

N ò rí i. Ó sì jẹ́ òótọ́. Ilẹ̀ ò sí ní èjìká mi.

Mo gbé ẹ̀rọ sábẹ́ máńgòrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Alájì. Bó ṣe ń tutù ló ń dákẹ́. Pláíwúùdù tí mo kàn kọ́ìlì mọ́ ló ń tẹ̀ nínú oòrùn, wáyà sì ń sún pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí kọ́ìlì méjèèjì ti ń pa ara wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kó yẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà kan, ohùn kọ́ìlì tó ń sọ̀rọ̀ á máa jò sínú èyí tó ń gbọ́, ìjò yẹn nìkan sì tóbi ju ohùn pílà lọ. Kò sí ibi tí mo lè yí nọ́ọ̀bù sí tí yóò di ihò yẹn. Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa pípa ilẹ̀ lẹ́nu mọ́, orí nọ́ọ̀bù àti ìlẹ̀kùn iná ló dá lé, bí ẹni pé kọ́ìlì ò lọ́wọ́ sí i. Lójú tèmi, ara kọ́ìlì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́ìlì tí kò dúró ṣinṣin ò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe, mo ra rẹ́sìnì lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa pò ó. Mo ri kọ́ìlì méjèèjì bọ inú rẹ̀ pátápátá. Bí rẹ́sìnì bá ń gan, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń súnkì díẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi ìdákẹ́ tí ẹ wá ṣáájú á yẹ̀. Nítorí náà mo fi òrùka wáyà kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn, tí rẹ́sìnì ò bò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gan tán, mo fi ìka tẹ òrùka náà sọ́tùn-ún sósì títí ohùn tó ń jò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, mo wá kán gúlúù lé e lórí.

Ohun kejì tí mo yí padà, kapásítọ̀ kọ́ìlì tó ń gbọ́ ni. Òun náà ni mo ti fún ní 56 nF, kí òun àti èkejì rẹ̀ lè máa kọ orin kan náà, torí ohùn máa ń pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ni. Kọ́ìlì tó wà lórí góńgó orin rẹ̀, bí nǹkan kékeré bá yí lára rẹ̀, ìgbà tí ohùn rẹ̀ ń dé á yí gan-an. Yangí sì máa ń yí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fi 33 nF rọ́pò rẹ̀, orin tirẹ̀ sún lọ sí bíi 13 kHz, jìnnà sí ti apohùn. Ohùn dín kù, mo fi anpilifáyà dá a padà. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ń dé dúró sójú kan.

Òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀. Alájì pè mí pé ilẹ̀ ti rọ̀, pé gbígbẹ́ á rọrùn. Gbígbẹ́ rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí kọ́ìlì bá fara kan koríko tútù, pá! ó ké. Lọ́tẹ̀ yìí n ò bú ilẹ̀. Mo fi ìka tí mo tẹ̀ bọmi kan ara kọ́ìlì nígbà tó wà lókè: ó ké. Kì í ṣe òòfà nìyẹn mọ́. Kọ́ìlì ìhòòhò àti omi ló ń ṣe bíi kapásítọ̀ láàárín ara wọn. Aṣọ ló nílò, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ẹ̀rọ kí ó lè máa gba irú ìfọwọ́kàn bẹ́ẹ̀.

Mo fi fọ́ìlì tí àwọn obìnrin fi ń wé ẹja dì í yíká. Ẹ̀rọ kú fin-ín. Sípánà kò dún mọ́, kódà tí mo bá gbé e lé kọ́ìlì lórí. Ìdajì ọjọ́ kan lọ kí n tó rántí ohun tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń wé tirafọ́mà: fọ́ìlì tó yí kọ́ìlì po tó sì pàdé ara rẹ̀ ti di ìyí wáyà kan tó ṣọ̀ọ́tì, òun ló ń jẹ gbogbo agbára. Mo fi bíléèdì gé e níbì kan, àlàfo bí ìka kan. Ẹ̀rọ jí. Nígbà tó yá, mo yọ fọ́ìlì, mo gún ọ̀pá dúdú àárín bátìrì tọ́ọ̀ṣì kúnná, mo pò ó mọ́ fáníìṣì, mo kùn ún yíká pẹ̀lú àlàfo kan náà. Ó sàn ju fọ́ìlì lọ, torí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè orin kọ́ìlì.

Ìlọ kẹrin la tó rí ohun tí a wá. Rárá, kí n sọ òtítọ́: ohun tí a kọ́kọ́ rí kì í ṣe òun. Níhà ibi tí Bọ̀dá awọnlẹ̀ nawọ́ sí, ẹ̀rọ dún, ohùn náà fẹ̀, kò ga, ó tó ìwọ̀n ìtẹ́lẹ̀ agbada. Àwọn lébìrà gbẹ́ ẹ. Eérú, amọ̀ pupa tó ti jóná, èédú. Ìyá kan tó ń kọjá lọ ní àwọn máa ń yan gàrí síbẹ̀ nígbà kan. Iná ààrò tó jó fún ọ̀pọ̀ ọdún ti sọ díẹ̀ nínú irin aláìlágbára tó wà nínú yangí di èyí tí òòfà ń fà. Nọ́ọ̀bù mi bá ilẹ̀ yòókù mu, kò bá ti ìdí ààrò mu. Látìgbà yẹn, bí ohùn bá fẹ̀ tí kò lójú, mo máa ń tún nọ́ọ̀bù yí lórí rẹ̀ kí n tó ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣọ́bìrì kàn án.

Pílà kẹta wà ní bí ìṣísẹ̀ méjì sí ààrò náà. Ohùn rẹ̀ ṣe ṣókí, ó mú, ó sì wà lójú kan ṣoṣo bí mo ṣe gba àríwá wá tàbí ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀pá irin tó dúró ṣánṣán máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ kọ́ìlì, orí rẹ̀ ló ń kó gbogbo agbára jọ. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ni wọ́n gbẹ́ kí ṣọ́bìrì tó kan kọnkéré.

Ẹ̀kẹrin gbà wá di ọ̀sán, torí abẹ́ òkìtì yangí tí gírédà fi sílẹ̀ ló wà, a sì ní láti kọ́kọ́ ro òkìtì náà kúrò kí kọ́ìlì tó lè gbọ́ ọ. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Mo gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, mo tẹ́tí. Kò sọ nǹkan kan.

Bọ̀dá awọnlẹ̀ kúnlẹ̀, ó tutọ́ sí ìka, ó fi nu ẹrẹ̀ kúrò lórí kọnkéré, ó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sókè bí Alájì ṣe ń fojú bá a lọ nínú ìwé. Alájì ká ìwé, ó yíjú sí mi. "Ẹnjiníà, ṣé ó lè bá mi wá kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi nínú oko ẹ̀fọ́?"

Mo ní ilẹ̀ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí ilẹ̀ yangí, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n fi òòfà wọ́ ọ wò.